Ìlà Kẹsàn-án

Wọ́n ti lẹ ìròyìn mọ́ pátákó lẹ́nu ọ́fíìsì Díìnì.
Sáà ti parí. Àwọn ọmọ ti di báàgì,
kẹ̀kẹ́ ń kó wọn lójú ọ̀nà Alábàtà lọ sí Kútọ̀, lọ sí Láfẹnwá,
ọgbà wá dákẹ́ bí ìkòkò tí wọ́n ti họ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Gírísì ni wọ́n ń pè mí.
Ọdún kejìlélógún rèé tí kọ́kọ́rọ́ wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti ń bẹ lápò mi,
ó ti dá àpò ṣòkòtò mẹ́rin lu.
Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo kà á.

Wọ́n ní Ọ̀mọ̀wé Olúgbuyì ti di Purofẹ́sọ̀.
Ó yẹ ẹ́. Òun ló máa ń bá mi gbálẹ̀ èérún irin
lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀yìn wa.
Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́rọ omi gba owó ìwádìí
láti wọn bí Odò Ògùn ṣe ń kún.
Kí wọ́n tètè wọ̀n ọ́n o, odò kì í dúró de ìwé.
Ọmọ mọ́kànlá ló wà lójú ọ̀nà ipò kìíní.
Wọ́n ní a ó ra jẹnẹrétọ̀ tuntun. (Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń kà á.)

Ìlà kẹsàn-án ni ẹ̀rọ wa wà:
“Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gba ipò kejì l'Ákùúrẹ́
pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gẹ́.”
Ìlà kan. Orúkọ mẹ́rin.

Lóṣù Èrèlé la kọ́kọ́ tan án.
Ẹ̀gẹ́ di òkò, ó ń fò ba àjà;
Mùbáráàkì ọmọ Adátán sá wọ abẹ́ tábìlì,
Jádesọ́lá ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Ẹ̀gẹ́ tó kù ò ju ìka ọmọdé lọ:
ẹ̀rọ bó èèpo, ó bó ara, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó àwa náà.
Lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́líìtì já.
Lẹ́ẹ̀kẹta, béárìn ń ké bí ewúrẹ́ tó sọ ọmọ nù.

Akínlawọ́n ló wò ó pẹ́, tí kò sọ̀rọ̀.
Ó ya bébà sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀,
ó fi ẹ̀ẹ́dú ya abẹ tuntun,
abẹ tó tẹ̀ bí ọwọ́ ìyá rẹ̀
tó ń bó ẹ̀gẹ́ láfún l'Ódẹ̀dá kó tó bí i.
Ó ní, “Bàbá, ọwọ́ kì í bá ẹ̀gẹ́ jà.
Ọwọ́ máa ń tẹ̀lé e ni.”
A rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èèpo ń bọ́ pẹ̀lẹ́
bí aṣọ lára ọmọ tó ti sùn.

Lóṣù Igbe, owó ilé-ẹ̀kọ́ kan ilẹ̀kùn, kò bá a nílé.
Wọn ò jẹ́ kó wọ gbọ̀ngán ìdánwò.
Kò dágbére. Ó kàn fọ sípánà mi,
ó tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ó lọ.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó tẹ ìròyìn ò wá ọ̀dọ̀ wa rí.
Inú mi dùn pàápàá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́:
ọjọ́ tí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ dé, mo jó títí bàtà mi fi ya.
Ṣùgbọ́n mo fi ìka ka orúkọ yẹn, mo tún un kà.
Mẹ́rin náà ni.

Lálẹ́ àná mo ṣì ń ka irinṣẹ́ wọlé nígbà tí fóònù dún.
Ariwo irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́,
ó ní àwọn ń jó géètì fún ọ̀gá kan ní Láfẹnwá.
Kò bèèrè ipò. Kò bèèrè ife ẹ̀yẹ.
Ó ní, “Bàbá, ṣé béárìn yẹn ò ké mọ́?”

Mo fẹ́ tan án kó fetí ara rẹ̀ gbọ́.
Iná ti lọ láti ọ̀sán.
Mo gbé fóònù lé orí páànù,
mo fi ọwọ́ méjèèjì yí i.
Ó yí.
A dákẹ́, àwa méjèèjì,
à ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí.